Kí Ẹ Tó Ra Kátálíìsì Tuntun, Ẹ Wọn Kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n Ẹ́ńjìnnì Ná

Bí ọkọ̀ tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà bá kùnà àyẹ̀wò èéfín, ìdí sálẹ́ńsà ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Wọ́n á pààrọ̀ kátálíìsì, ìyẹn àpótí ara sálẹ́ńsà tó ń sọ gáàsì olóró di èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, owó ńlá á lọ, lẹ́yìn oṣù mélòó kan iná ẹ́ńjìnnì á tún tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Kátálíìsì kì í sábà déédéé kú. Ohun tó ń jáde láti inú sìlíńdà ló ń pa á, bí a kò bá sì tọ́jú sìlíńdà, tuntun tí a rà á tẹ̀lé ti àtijọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lé e pé ọkọ̀ tó bá ti rìn jìnnà, tó ń mu ọ́ìlì tàbí tó ń míìsì (tí sìlíńdà kan kò jó epo rẹ̀ dáadáa), kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà, ló yẹ ká kọ́kọ́ wọ̀n. Lórí ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà níta gbangba, iṣẹ́ náà kì í gbà ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ.

Bí kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n ṣe kan èéfín

Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, písítìn á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, fáàfù á pa dé, písítìn á sì gòkè láti fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ibi tó gbà tẹ́lẹ̀ á sún kì di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án tàbí nínú mọ́kànlá. Ìfúnpọ̀ yìí ló ń mú kó gbóná, tí epo á fi rẹ́ mọ́ afẹ́fẹ́ dáadáa, tí iná púlọ́ọ̀gì á sì fi jó o tán kí fáàfù sálẹ́ńsà tó ṣí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò níbì kan, iná á lọ́ra, apá kan nínú epo kò ní jó, á sì bá sálẹ́ńsà jáde. Epo tí kò jó yìí ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń kọ sílẹ̀ bíi HC.

Ibi tó ń jò náà sì ní wàhálà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ríìngì ló ti jẹ, gáàsì á gba ẹ̀gbẹ́ písítìn wọ inú àwo ọ́ìlì nísàlẹ̀, á gbé oru epo dání, fáàfù PCV á sì fà á padà sínú ẹ́ńjìnnì. Epo tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò fi sínú ìṣirò rẹ̀ nìyẹn. Ojú ọ̀nà kan náà ni ọ́ìlì ń gbà gòkè láti jó mọ́ epo. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti síńkì nínú, àwọn ló ń dáàbò bo irin kí wọ́n má bàa jẹ ara wọn. Tí ó bá jó, eérú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ojú kátálíìsì, gáàsì kò sì ní lè kan plátínọ̀mù, paládíọ̀mù àti ródíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Kò sí oògùn inú epo kankan tó lè fọ eérú yẹn kúrò.

Bó bá jẹ́ pé sìlíńdà kan kò jóná rárá, jàǹbá rẹ̀ yá ju èyí lọ. Epo tútù àti ọ́síjìn tí sìlíńdà náà kò lò á pàdé nínú kátálíìsì tó ti gbóná, ibẹ̀ ni wọ́n á ti jó. Kátálíìsì tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́ láàárín nǹkan bíi 400 sí 800 °C lè gbóná kọjá 1,000 °C, àwọn ihò inú rẹ̀ tó dà bí afárá oyin á yọ́, wọ́n á sì dí. Nítorí náà, tí iná ẹ́ńjìnnì bá ń ṣẹ́jú, tí kì í ṣe pé ó kàn tàn tó dúró, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń kìlọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń míìsì débi tó lè ba kátálíìsì jẹ́.

Ohun tí ọkọ̀ ti ń sọ kí géèjì tó dé

Èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni. Ìgbà tó ń jáde ni kí ẹ ṣọ́. Bó bá tú jáde lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì, tó sì mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, rọ́bà ìdí fáàfù tó yẹ kó dá ọ́ìlì dúró ló ti gan, tí ọ́ìlì ń kán sínú sìlíńdà lóru. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè gígùn láìtẹ tọ́rọ́tù, tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ tí búlúù sì bọ́ jáde, rọ́bà yẹn náà ni. Èyí tó ń jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa ẹrù, ríìngì ni kí ẹ fura sí. Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Funfun tó nípọn, tó ń ta òórùn dídùn sí imú, tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná, omi rédíétọ̀ ló ń jó. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ oru omi lásán tí gbogbo ọkọ̀ ń tu nígbà òtútù.

Ó yẹ kí n sọ èyí níbí, nítorí ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lọ́nà: ẹ́ńjìnnì lè máa mu ọ́ìlì gan-an kí kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n rẹ̀ sì pé. Ríìngì mẹ́ta ló sábà máa ń wà lára písítìn. Méjì òkè ló ń di afẹ́fẹ́ mú, ìsàlẹ̀ ló ń gbá ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà. Bí ìdọ̀tí ọ́ìlì tó ti gbẹ bá lẹ ríìngì ìsàlẹ̀ pa, géèjì á fi nọ́ḿbà tó dára hàn yín, èéfín búlúù á sì máa tú. Kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n tó pé kò tíì dá ríìngì láre nínú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì mímu.

Ẹ fetí sí sítátà náà. Ẹ́ńjìnnì tó ní ìlera máa ń yí pẹ̀lú ìró tó dọ́gba, nítorí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ló ń ta ko sítátà bákan náà. Bí ọ̀kan bá ti ṣófo, ẹ ó gbọ́ tí ìró náà á yára fìrí níbì kan, á tún wúwo, á tún yára. Bó bá ń yí wìrìwìrì láìsí ìtakò kankan, bẹ́líìtì táímíńgì lè ti já tàbí kó ti fo eyín. Ẹ má tẹ sítátà mọ́, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì písítìn á kan fáàfù, á sì tẹ̀ ẹ́.

Bí ọkọ̀ náà bá ní ojú OBD-II, ìyẹn ibi tí wọ́n ń so ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀ mọ́, ẹ ka kóòdù rẹ̀. Nínú P0301 dé P0304, nọ́ḿbà ìkẹyìn ni sìlíńdà tó ń míìsì. P0300 ni pé kò dúró sójú kan. P0420 ń sọ pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Bí P0420 àti P0302 bá jọ wà, ẹ fi P0420 sílẹ̀ ná. Ẹ gbé kọ́ìlì (èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) sìlíńdà 2 lọ sí 3, kí ẹ gbé ti 3 wá sí 2, kí ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ wa ọkọ̀. Bí kóòdù bá di P0303, kọ́ìlì ni. Bó bá dúró sí P0302, ẹ ṣe púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún ṣe nọ́sù tó ń fọ́n epo bẹ́ẹ̀ tí kò bá ṣòro yọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá yípò tí P0302 ò kúrò, inú sìlíńdà 2 gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Wíwọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n

Ẹ kọ́kọ́ rí i pé bátìrì kún: 12.6 vóòtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó sinmi. Bó bá rẹ̀ ẹ́, sítátà á lọ́ra, gbogbo nọ́ḿbà yín á sì kéré ju òtítọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná débi tó máa ń gbóná dé lójú ọ̀nà, kí ẹ wá pa á. Bí tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ìyẹn irin tó dé orí àwọn sìlíńdà, bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó tú púlọ́ọ̀gì, torí púlọ́ọ̀gì tí a fipá tú nígbà tí alumíníọ̀mù ṣì ń jóni lè fa ìdè inú ihò rẹ̀, ìyẹn àwọn ilà tó di púlọ́ọ̀gì mú, ya.

Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ìdí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tú u, kí iyanrìn má bàa já sínú sìlíńdà. Gbogbo púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ tú, kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀n nìkan, kí sítátà lè yí ẹ́ńjìnnì bákan náà fún gbogbo wọn. Ẹ tò wọ́n sílẹ̀ ní títẹ̀léra, ẹnu wọn ní nǹkan láti sọ. Èyí tó rin gbindin fún ọ́ìlì, èyí tó dú bí èédú tó gbẹ, tí epo pọ̀ jù níbẹ̀, àti èyí tó mọ́ fínnífínní ju àwọn yòókù lọ bí ẹni pé wọ́n fi oru omi fọ̀ ọ́: èyí tó mọ́ jù yẹn ni ibi tí omi rédíétọ̀ ń wọ̀.

Ẹ yọ fíúùsì tàbí ríléè pọ́ǹpù epo, kí ẹ sì yọ ẹnu wáyà gbogbo kọ́ìlì. Ẹ má gbójú fo èyí. Bí epo bá ń tú wọ inú sìlíńdà, ó ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri rẹ̀, kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n á sì lọ sílẹ̀; bí iná bá sì ń ta nígbà tí oru epo ń jáde lójú ihò púlọ́ọ̀gì, ó lè gbiná.

Tọ́rọ́tù, ìyẹn ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí pẹ́dà ń ṣí, gbọ́dọ̀ ṣí pátápátá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí nìyí: tọ́rọ́tù wà ní pípa dé, ẹ́ńjìnnì ò rí afẹ́fẹ́ tó máa fún pọ̀, nọ́ḿbà gbogbo sìlíńdà á wá sílẹ̀, wọ́n á sì ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Nínú ọkọ̀ tí tọ́rọ́tù rẹ̀ jẹ́ ti wáyà iná, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó síwájú kó tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí sítátà bá ń yí.

Ẹ fi ọwọ́ wé géèjì wọ ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ má lo sípánà. Ẹ wo rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu rẹ̀ bóyá ó ti ya. Ẹ yí sítátà títí atọ́ka géèjì kò fi gòkè mọ́. Ìfúnpọ̀ márùn-ún sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà, iye kan náà sì ni kí ẹ fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ nọ́ḿbà méjì sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ibi tí ìfúnpọ̀ àkọ́kọ́ gbé atọ́ka dé, àti ibi tó parí sí. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Géèjì náà lè purọ́. Fáàfù kékeré kan wà lẹ́nu okùn rẹ̀ tó jọ ti táyà, ṣùgbọ́n sípírìn inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti táyà lọ. Bí ẹnì kan bá ti fi ti táyà rọ́pò rẹ̀, gbogbo nọ́ḿbà á kéré. Okùn tí ẹ sì so mọ́ ọn láti fi mú un gùn sí i, bí fáàfù yẹn kò bá sí ní ẹnu tó wọ sìlíńdà, á fi àyè kún inú sìlíńdà, nọ́ḿbà á tún lọ sílẹ̀. Ẹnu ìdè tó gùn ju púlọ́ọ̀gì lọ burú ju ìyẹn lọ, torí písítìn tàbí fáàfù lè kàn án.

Ẹ́ńjìnnì dísù jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Láàárín 300 sí 500 psi (ìwọ̀n ìfúnpọ̀ tí géèjì ń fi hàn) ni tirẹ̀ sábà máa ń wà, géèjì bẹntiróòlù kò lè gbé e. Ẹ má sì da ọ́ìlì sínú sìlíńdà dísù láti fi dán an wò.

Kí ni nọ́ḿbà náà ń sọ?

Ìwé ọkọ̀ yín ló ní nọ́ḿbà tó péye. Bí kò bá sí, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó ní ìlera máa ń wà láàárín 130 sí 200 psi, èyí tó bá sì wà lábẹ́ 100 psi ti wọ ìṣòro. Ìyàtọ̀ àárín wọn ṣe pàtàkì ju iye gan-an lọ. Èyí tó kéré jù kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó ga jù, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò gba ìyàtọ̀ tó ju ìdá 10 sí 15 lọ. Bí ẹ bá ń gbé lórí òkè gíga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ yọ nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára nọ́ḿbà tí ẹ ń retí fún 300 mítà kọ̀ọ̀kan.

Ká ní ẹ rí 165, 160, 118, 162. Sìlíńdà 3 wà ní ìdá 71 sí 72 èyí tó ga jù: fáàfù tó jóná, tàbí ríìngì, tàbí písítìn tó ti ya. Ká ní 165, 70, 65, 160: méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ló jọ wálẹ̀, tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn awẹ́ tó wà láàárín tọ́ọ̀pù àti ara ẹ́ńjìnnì, ti jó láàárín wọn, afẹ́fẹ́ ọ̀kan sì ń bọ́ sí ìkejì. Ká ní 106, 104, 108, 105: gbogbo wọn kéré, wọ́n sì dọ́gba. Kí ẹ tó sọ pé ẹ́ńjìnnì ti jẹ, ẹ tún bátìrì wò, ẹ tún tọ́rọ́tù wò, kí ẹ wá wo àmì táímíńgì, torí bẹ́líìtì tàbí ṣéènì tó fo eyín kan ń jẹ́ kí fáàfù pẹ́ kó tó pa dé. Ẹ́ńjìnnì ṣọ̀wọ́n tó ń jẹ dọ́gba délẹ̀ báyẹn.

Ìfúnpọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní kí ẹ kọ sílẹ̀ wúlò níbí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, tó wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi sún mọ́ ibi tó yẹ, ríìngì ló ń jò. Bó bá bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ tó sì jókòó síbẹ̀, fáàfù ni.

Nọ́ḿbà tó ga ju ti ìwé lọ náà kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Èédú ti dì sórí písítìn, àyè inú sìlíńdà ti kéré, ẹ́ńjìnnì á máa kàn gbì-gbì tó bá ń gòkè, NOx, gáàsì olóró tí ooru púpọ̀ ń dá sílẹ̀, á sì gòkè pẹ̀lú.

Ọ́ìlì ṣíbí kan, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́

Fún sìlíńdà tó kéré, ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 5 sí 10 mìlílítà, ìyẹn ṣíbí tíì kan sí méjì, gba ihò púlọ́ọ̀gì. Ẹ yí sítátà díẹ̀ kó tàn ká, kí ẹ tún wọ̀n. Bí nọ́ḿbà bá fò sókè gan-an, bíi láti 90 sí 140, ọ́ìlì ló bá ríìngì di ihò náà, a jẹ́ pé ríìngì tàbí ògiri sìlíńdà ló jẹ. Bí kò bá yí padà, ẹ wo fáàfù tàbí gáskẹ́ẹ̀tì. Ẹ má dà jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ń gba àyè, á sì gbé nọ́ḿbà sókè lásán. Nínú ẹ́ńjìnnì tí sìlíńdà rẹ̀ dùbúlẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní yí ríìngì ká, nítorí náà ẹ má gbára lé ìdánwò yìí níbẹ̀.

Fún mi, ìdánwò afẹ́fẹ́ ló ń parí àríyànjiyàn. Ẹ gbé písítìn sìlíńdà náà dé òkè pátápátá nígbà tí fáàfù méjèèjì pa dé, kí ẹ ti ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ 100 psi wọlé gba géèjì olójú méjì. Géèjì kejì á fi ìdá tó ń jò hàn. Lábẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dára. Láti 10 sí 20, ọkọ̀ àtijọ́ lè máa gbé e lọ. Bó bá ti kọjá 30, ẹ wá ibi tó ń gbà jáde, etí yín á sì sọ ọ́: ìró fẹ́ẹ́ nínú sálẹ́ńsà, fáàfù sálẹ́ńsà ni, lẹ́nu tọ́rọ́tù, fáàfù tó ń fa afẹ́fẹ́, lójú ihò ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì, ríìngì, bí omi rédíétọ̀ bá ń hó bọ́bọ́, gáskẹ́ẹ̀tì tàbí tọ́ọ̀pù sìlíńdà tó ya. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì, torí náà ẹ má jáyà tí ẹ bá gbọ́ ìró kékeré nínú ihò ọ́ìlì. Kí afẹ́fẹ́ tó wọlé, ẹ yọ sípánà tó wà lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fọwọ́ jìnnà: bí písítìn kò bá sí lókè gan-an, afẹ́fẹ́ yẹn á yí ẹ́ńjìnnì lójijì pẹ̀lú agbára tó lè ṣẹ́ ọwọ́.

Bó bá jẹ́ fáàfù, ẹ wọn àlàfo fáàfù kí ẹ tó tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Nínú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣètò àlàfo rẹ̀, fáàfù ń wọ inú ìjókòó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, àlàfo á tán, fáàfù kò sì ní lè pa dé mọ́. Bí ẹ bá tètè ṣètò rẹ̀, kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n á padà láìtú nǹkan kan. Bí ẹ bá pẹ́, etí fáàfù sálẹ́ńsà á jóná nítorí kò rí ìjókòó tutù tó máa gba ooru lára rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ríìngì, ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó lẹ̀ àti èyí tó jẹ. Èyí tó lẹ̀ ṣì lè tú. Ẹ da oògùn tó ń tú èédú sórí písítìn, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wá fi aṣọ bo àwọn ihò púlọ́ọ̀gì kí ẹ yí sítátà láti fọ́n gbogbo rẹ̀ jáde *kí ẹ tó* dá púlọ́ọ̀gì padà. Omi kì í fún pọ̀; bó bá kù sórí písítìn, ó lè tẹ ọ̀pá tó gbé písítìn. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà lójú ẹsẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ bíi 500 kìlómítà, kí ẹ tún wọ̀n. Bí nọ́ḿbà kò bá yí padà, ríìngì ti jẹ nìyẹn, títú ẹ́ńjìnnì ló kù. Ọ́ìlì tó nípọn ju èyí tí ìwé sọ lọ lè dín èéfín kù fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún ohunkóhun ṣe, ó sì lè pẹ́ kó tó gòkè dé ibi fáàfù ní àárọ̀.

Bó bá jẹ́ gáskẹ́ẹ̀tì, ẹ má kàn ra tuntun kí ẹ fi sí i. Ẹ fi irin tó tọ́ gbọnrangandan lé ojú tọ́ọ̀pù sìlíńdà, kí ẹ fi abẹ́ ìwọ̀n wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò gba títẹ̀ tó ju 0.05 mm sí 0.1 mm lọ. Bóòtù tí ìwé bá sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ti nà, kò ní di gáskẹ́ẹ̀tì tuntun náà mú.

Nígbà tí kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n pé tí èéfín ṣì burú

Èyí náà ń ṣẹlẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ẹ ti mọ̀ nísinsìnyí pé owó tí ẹ bá ná níta ẹ́ńjìnnì kò ní ṣòfò. Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò kí ẹ kà á bí ẹni ka ojú púlọ́ọ̀gì.

CO, gáàsì epo tí kò jó tán, tó bá ga, ń sọ pé epo pọ̀ jù. Ẹ wo sẹ́ńsọ̀ ooru omi tó ń purọ́ pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, nọ́sù tó ń kán, fílítà afẹ́fẹ́ tó dí, àti ọ́ìlì tó ti kún fún epo. Ẹ gbóòórùn ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì. Bó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ṣáájú gbogbo nǹkan, ó lè jẹ́ òun nìkan ni. HC tó ga pẹ̀lú ọ́síjìn tó ga, tí CO sì wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń míìsì ni: iná púlọ́ọ̀gì, tàbí afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé lẹ́yìn tọ́rọ́tù. NOx tó ga, inú sìlíńdà ń gbóná jù: ojú ọ̀nà EGR (tó ń dá díẹ̀ lára gáàsì sálẹ́ńsà padà sínú ẹ́ńjìnnì) ti dí, epo kéré sí afẹ́fẹ́, tàbí èédú lórí písítìn. CO₂ ni ẹlẹ́rìí gbogbo wọn. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo rẹ̀ tán, ó máa ń wà láàárín ìdá 13 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún.

Fáàfù EGR tí kò pa dé ń fara jọ kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n tó kéré gan-an. Gáàsì sálẹ́ńsà á wọlé nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á fẹ́ kú, ṣùgbọ́n ní kété tí ẹ bá tẹ tọ́rọ́tù, á dára. Sálẹ́ńsà tó lu níwájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn náà ń tanni: ó ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo kéré, kọ̀ǹpútà á wá fi epo kún un láìnídìí.

Ibí ni ẹ ti lè yíjú sí kátálíìsì. Sẹ́ńsọ̀ iwájú, bó bá jẹ́ oríṣi àtijọ́, yẹ kó máa lọ sókè sódò láàárín 0.1 sí 0.9 vóòtì; ti ẹ̀yìn kátálíìsì yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan ní nǹkan bíi 0.6 sí 0.8. Bí ti ẹ̀yìn bá ń jó ijó ti iwájú, tí sálẹ́ńsà kò sì lu, kátálíìsì ti tán. Láti mọ̀ bóyá ó dí, ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ iwájú, kí ẹ dè géèjì kékeré sójú ihò rẹ̀: kò yẹ kó kọjá 1.5 psi tí ọkọ̀ bá dúró, tàbí 3 psi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 2,500 ní ìṣẹ́jú kan.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ má pa kóòdù rẹ́, ẹ má sì yọ bátìrì ní ọjọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ìdánwò inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ àyẹ̀wò á sì rí i pé wọn kò tíì parí. Ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àti lójú ọ̀nà tó já geere. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹ wà á tó 20 ìṣẹ́jú kí ẹ tó débẹ̀, ẹ má sì pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ bá ń dúró kó kàn yín, bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kátálíìsì tí kò tíì tó nǹkan bíi 300 °C kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.